Àtíbàbà Inú Sẹ́ẹ̀lì: Ọ̀nà Tí Jẹjẹrẹ Ń Gbà Rìn Nínú Ara

Lójú ọ̀nà Ikwerre ní Port Harcourt, láti Mile 1 lọ dé Mile 3, ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni ọjọ́ àwọn tó ń ta àtíbàbà. Ọkọ̀ akẹ́rù kan á dúró lẹ́nu ilé olókùú, wọ́n á já irin, okùn àti tapólì sílẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, ibi tó jẹ́ ojú ọ̀nà lásán láàárọ̀ ti di gbọ̀ngàn. Bí ìnáwó bá parí ní Sátidé, wọ́n á tú u. Irin yẹn kan náà ni ẹ óò bá ní àdúgbò mìíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tí wọ́n ti tò ó lọ́nà mìíràn, tí ìyàwó ń jó lábẹ́ rẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ kan tó máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Àwọn onímọ̀ sọ pé sẹ́ẹ̀lì, ẹyọ kékeré tí a fi kọ́ gbogbo ẹran ara wa, ní egungun tirẹ̀. Bí a bá sì ti gbọ́ egungun, ti itan ló máa ń wá sí wa lọ́kàn, ohun líle tó dúró gbagidi títí olúwa rẹ̀ fi wọ ilẹ̀ lọ. Egungun inú sẹ́ẹ̀lì kò rí bẹ́ẹ̀. Àtíbàbà ni. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó lè tú apá kan, kó kó irin rẹ̀ síwájú, kó sì tò ó síbẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń rìn nìyẹn, bí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà sì ṣe ń kúrò nílé nìyẹn.

Ìrìn yìí ló ń pa ènìyàn. Kókó tó jókòó jẹ́ẹ́ sínú ọmú kì í ṣàdédé pa obìnrin, nítorí kì í ṣe ọmú la fi ń mí. Ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì inú kókó náà bá dé ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀, egungun ẹ̀yìn tàbí ọpọlọ ni ọ̀rọ̀ ń bẹ́yìn yọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìwé ìṣègùn fi ń sọ pé nínú ikú mẹ́wàá tí jẹjẹrẹ fà, mẹ́sàn-án jẹ́ ti èyí tó ti tàn ká. Àwọn onímọ̀ kan ní Norway lọ wo àkọsílẹ̀ ikú orílẹ̀-èdè wọn, wọ́n sì gbé èsì jáde ní 2019: fún àwọn jẹjẹrẹ tó máa ń di kókó, ó súnmọ́ méjì nínú mẹ́ta. Ti Norway ni mo fara mọ́, nítorí àwọn ka òkú. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá yẹn, àsọtúnsọ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Èyí tó wù kí ẹ mú, ìrìn ni olórí apànìyàn.

Ní Nàìjíríà, Àjọ Àgbáyé fún Ìwádìí Jẹjẹrẹ tó wà ní Lyon ṣírò pé ní 2022, ènìyàn 127,763 ni jẹjẹrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, àti pé 79,542 ló gba ẹ̀mí wọn. Ti ọmú ló ṣíwájú. Ṣùgbọ́n iye tó dùn mí jù wá láti ibi tí kò jìnnà sí Port Harcourt rárá. Ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní ABC-DO tẹ̀lé àwọn obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú ní orílẹ̀-èdè márùn-ún ní Áfíríkà. Ní Nàìjíríà, Aba àti Owerri ni wọ́n ti rí tiwọn, ìlú méjì tí ọkọ̀ èrò Port Harcourt ń ná lójoojúmọ́. Èsì jáde ní 2020. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nǹkan bí 36 péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn obìnrin Nàìjíríà ló ṣì wà láàyè. Láàárín àwọn aláwọ̀ funfun ní Namibia, 90 ni. Owó wà nínú ohun tó fà á, ọ̀nà jíjìn wà níbẹ̀, ẹ̀rù wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó sún gbogbo wọn papọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin yìí dé ọ̀dọ̀ dókítà nígbà tí àrùn ti gbéra.

Báwo ló ṣe ń gbéra? Ẹ jẹ́ ká wo irin àtíbàbà náà.

Oríṣi mẹ́ta ni. Èyí tó tín-ín-rín jù ni wọ́n ń pè ní actin, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nanomítà 7 lọ. Bí a bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni nanomítà. Èyí tó tóbi jù jẹ́ ọ̀pá oníhò bí ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ, fífẹ̀ rẹ̀ tó nanomítà 25, ẹyọ purotéènì tí a fi tò ó ń jẹ́ tubulin. Orí ọ̀pá yìí ni ẹrù inú sẹ́ẹ̀lì ń gbà lọ gbà bọ̀. Òun náà ló ń fa DNA, àkọsílẹ̀ àbùdá wa, sí ọ̀tún àti òsì nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ pín sí méjì. Ẹ̀kẹta wà láàárín méjèèjì, nanomítà 10, ó sì dà bí okùn tí wọ́n lọ́ pọ̀. Òun kì í ti nǹkan, kì í sì í gbé ẹrù. Ìdúróṣinṣin ni tirẹ̀. Ọ̀kan nínú ìdílé yìí ni keratin, èyí tí irun àti èékánná wa kún fún. Òmíràn ni vimentin. Ẹ fi orúkọ méjèèjì yìí sọ́kàn, a ó padà bá wọn.

Ìtàn actin wù mí. Inú ẹran iṣan ni Brunó Straub ti rí i ní 1942, ní ìlú Szeged ní ilẹ̀ Hungary, nígbà tí ogun àgbáyé kejì ń lọ lọ́wọ́. Fún ìgbà pípẹ́, ohun tí àwọn ènìyàn rò ni pé iṣan nìkan ló ní in, pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí apá lè gbé korobá omi lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá rí i pé ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì gbogbo. Ohun tó ń mú ọkàn wa lù ni jẹjẹrẹ fi ń rá kúrò nínú ọmú. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: jẹjẹrẹ kò dá irinṣẹ́ kankan sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Michael Abercrombie, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ọ̀pọ̀ ọdún wo sẹ́ẹ̀lì tó ń rá nínú àwo. Ohun tó rí ni pé sẹ́ẹ̀lì á kọ́kọ́ na etí pẹlẹbẹ kan síwájú, bí ìgbín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ jáde nínú ìkarahun. Etí náà á lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Ara á fa ara rẹ̀ tẹ̀lé e. Ẹ̀yìn á já kúrò níbi tó lẹ̀ mọ́ tẹ́lẹ̀. Ó tún di ọ̀tun. Ní nǹkan bí 1953 ló ti ṣàkíyèsí ohun mìíràn pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀, Joan Heaysman: sẹ́ẹ̀lì tó pé, bó bá ti fara kan òmíràn, á dúró, á yà fún un. Àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kan tí ó wò lẹ́yìn náà kò yà fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ti rí oníkèké ní Rumuokoro ní Port Harcourt láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ mọ ohun tí mò ń wí.

Actin ló ń ti etí pẹlẹbẹ náà síwájú. Ẹyọ kan á so mọ́ orí okùn, òmíràn á tún so mọ́ ọn, okùn á máa gùn, á sì máa ti awọ sẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n okùn kan ṣoṣo á tẹ̀ kó tó ti nǹkan kan. Ní 1994, Laura Machesky àti Thomas Pollard rí àkójọ purotéènì méje tí a wá ń pè ní Arp2/3. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó jẹ́ kí okùn tuntun yọ láti ẹ̀gbẹ́ okùn àtijọ́, ẹ̀ka lórí ẹ̀ka, títí yóò fi dí bí gbòǹgbò igi ẹ̀gbà tó ń hù nínú ẹrẹ̀ omi iyọ̀ ní ìhà Borokiri. Ìdí tí etí sẹ́ẹ̀lì fi lágbára nìyẹn.

Iṣẹ́ àtíbàbà kò sì lè lọ láìsí fọ́mààn. Anne Ridley àti Alan Hall ní London ló fi wọ́n hàn ní 1992. Purotéènì kan tó ń jẹ́ Rac ló ń pàṣẹ kí etí pẹlẹbẹ yọ níwájú. Rho ló ń pàṣẹ kí okùn inú fà le kí ẹ̀yìn lè tẹ̀lé iwájú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mọ Cdc42, tó ń jẹ́ kí ìka tín-ín-rín yọ, èyí tí sẹ́ẹ̀lì fi ń tọ́ ilẹ̀ wò bí afọ́jú ti ń fi ọ̀pá tọ́ ọ̀nà. Àwọn fọ́mààn yìí kan náà ló ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ọ̀bẹ bá ya ni lọ́wọ́ níbi iṣu bíbẹ, tí sẹ́ẹ̀lì awọ ara bá ń rá bọ̀ láti ẹ̀bá méjèèjì egbò títí wọn á fi pàdé. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé nígbà tí egbò bá jiná, fọ́mààn á dá iṣẹ́ dúró. Nínú jẹjẹrẹ, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó tó.

Ìrìn náà kò yá rárá. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ń rin máíkírómítà kan ní ìṣẹ́jú kan kò ní pé mílímítà kan àti ààbọ̀ ní wákàtí 24. Ṣùgbọ́n kò ní láti rìn dé ẹ̀dọ̀fóró. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà nítòsí ni yóò rìn dé. Bó bá ti wọ inú rẹ̀, ó ti wọ ọkọ̀ nìyẹn.

Ibi tí owó ńlá ti ṣòfò wà lójú ọ̀nà kúkúrú yìí. Ẹran ara kì í ṣe ibi gbalasa. Okùn àti àwọ̀n ló dí i. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ á yọ ẹsẹ̀ kan tí actin kún inú rẹ̀, á fi gún àwọ̀n náà, á sì tú èròjà tó ń jẹ ẹ́ jáde. Àwọn ilé iṣẹ́ oògùn rò ó láàárín 1990 sí 2000 pé bí àwọn bá lè dá èròjà tó ń jẹ àwọ̀n yìí lẹ́kun, jẹjẹrẹ á há mọ́ ilé. Ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n wá ni. Marimastat lókìkí nínú àwọn oògùn tí wọ́n ṣe fún un. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò lára aláìsàn, oríkèé ló ń ro àwọn ènìyàn, jẹjẹrẹ kò sì dúró. Ní 2003, Katarina Wolf àti Peter Friedl fi ọ̀kan nínú àwọn ìdí rẹ̀ hàn. Bí wọ́n ti dí ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì ń gbà jẹ àwọ̀n, ó yí ìrìn padà. Ó kó etí pẹlẹbẹ rẹ̀ wọlé, ó di róbótó, ó sì ń fún ara rẹ̀ gba inú ihò àwọ̀n kọjá láìjẹ ohunkóhun. Lọ́dún yẹn kan náà ni Erik Sahai àti Chris Marshall fi hàn ní London pé Rho ni fọ́mààn ìrìn kejì yìí. Ẹ ò rí i pé àtíbàbà ni lóòótọ́: ẹ dí ìloro kan, wọ́n á tò ó sí ìhà mìíràn.

Ohun kan ṣoṣo tó máa ń há nínú ihò wọ̀nyẹn ni kóró àárín sẹ́ẹ̀lì, ibi tí DNA wà. Òun ló tóbi, òun ló le jù, ó sì ní egungun tirẹ̀ tó ń jẹ́ lamin, mọ̀lẹ́bí keratin. Ní 2016, ẹgbẹ́ onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà àti òmíràn ní Paris wo sẹ́ẹ̀lì bí ó ti ń fún ara rẹ̀ kọjá. Wọ́n rí i tí kóró náà ń ya, tí ohun inú rẹ̀ ń jò, tí DNA ń bàjẹ́. Ènìyàn á rò pé ó parí sí i lára. Rárá. Sẹ́ẹ̀lì náà dí ojú ibi tó ya, ó sì bá tirẹ̀ lọ, pẹ̀lú DNA tó ti yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Fún èmi, èyí ni ó bani lẹ́rù jù nínú gbogbo ohun tí mo kà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìrìn fúnra rẹ̀ lè máa sọ sẹ́ẹ̀lì di ohun mìíràn, nítorí náà èyí tó dé ẹ̀dọ̀fóró lè má jẹ́ irú èyí tó kúrò nínú ọmú.

Ọ̀rọ̀ líle àti rírọ̀ ní àdìtú tirẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé kókó tó le lọ́wọ́ ni kí obìnrin fura sí. Ṣùgbọ́n ní 2007, James Gimzewski, Jianyu Rao àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Los Angeles fi abẹ́rẹ́ tíntìntín tẹ sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fà láti inú omi àyà àwọn aláìsàn, wọ́n sì rí i pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó ti rìn rọ̀ ju èyí tó pé lọ ní ìpín tó lé ní 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Kókó le, sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ rọ̀. Àwọn okùn tó yí sẹ́ẹ̀lì ká, tí ara ń tò jọ sí i lọ́nà àìtọ́, ni ọwọ́ ń bà. Sẹ́ẹ̀lì ní tirẹ̀ ti tú irin rẹ̀ rọ̀ kó lè gba ihò kọjá. Ẹgbẹ́ Valerie Weaver sì ti fi hàn ní 2005 pé líle ìta yẹn ń fún Rho lágbára, ó sì ń sún sẹ́ẹ̀lì ọmú láti ṣe bíi ti jẹjẹrẹ. Líle ìta àti rírọ̀ inú jọ ń ti ara wọn lẹ́yìn.

Mo ní kí ẹ fi keratin àti vimentin sọ́kàn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ ilé wa.

Nígbà tí dókítà bá gé ẹran kékeré lára kókó, tí ó fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń yẹ ẹran wò, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n lè fi aró wá ni irú okùn tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Keratin ń sọ pé ọmọ awọ tàbí ọmọ ẹ̀yà ara oníhò ni. Vimentin sábà máa ń jẹ́ ti sẹ́ẹ̀lì alárìnkiri tó ń so ẹran pọ̀. Okùn yìí dà bí ilà ojú: kò sọ ohun tí ènìyàn ń ṣe, ṣùgbọ́n ó sọ ilé tó ti wá. Ní 2000, Charles Perou àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà pín jẹjẹrẹ ọmú sí ìdílé ìdílé, wọ́n sì fi keratin 5 àti 17 sọ ìdílé kan lórúkọ, nítorí pé irú okùn bẹ́ẹ̀ ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ọ̀nà wàrà. Ìdílé yìí ló le jù láti wò, nítorí oògùn tó ń lo ọ̀nà hómóònù kì í ràn án. Lọ́dún 2009, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópadé ti Yunifásítì Chicago àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́, tí àwọn ará Ìbàdàn wà nínú wọn, gbé ìwádìí jáde lórí àwọn obìnrin Nàìjíríà àti Senegal: 27 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti ìdílé yìí, ó pọ̀ ju ohun tí wọ́n ń rí láàárín àwọn aláwọ̀ funfun lọ.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló gbà. Lọ́dún tó ṣáájú rẹ̀ ni Clement Adébámọ̀wọ́ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ láti Ìbàdàn kan náà pé ó ju ìdajì àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò lọ tó ṣì ní ojú tí hómóònù ń so mọ́. Àwíjàre tó wà níbẹ̀ ni pé bí ẹran tí wọ́n gé bá pẹ́ jù kó tó bọ́ sínú omi oògùn, ojú hómóònù á parẹ́, èsì á sì sọ pé kò sí níbẹ̀. Pẹ̀lú iná wa tó ń lọ tó ń bọ̀ àti ọ̀nà tó jìn sí yàrá àyẹ̀wò, mi ò lè fi ọwọ́ rọ́ àwíjàre yìí sẹ́yìn. Ìwọ̀n tó tọ̀nà lè wà láàárín méjèèjì. Ṣùgbọ́n pé ìdílé líle yìí pọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ju ibòmíràn lọ, ìyẹn kò mì mọ́.

Wàyí o, ní 2013, Kevin Cheung àti Andrew Ewald ní Baltimore mú kókó jẹjẹrẹ ọmú sínú àwo, wọ́n sì wo èyí tó ń ṣíwájú nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń jáde lọ. Ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ ni wọ́n ń jáde, kì í ṣe lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, àwọn tó sì wà níwájú, bí akọgun, ni àwọn tó ní keratin 14, okùn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀. Ẹ so ó pọ̀ mọ́ ti Olópadé. Ilà ojú tí wọ́n fi ń dá ìdílé jẹjẹrẹ tó ń yọ àwọn obìnrin wa lẹ́nu mọ̀, ìran okùn kan náà ni ilà ojú akọgun.

Ọ̀wọ́ yìí ti da ìjíròrò àtijọ́ rú. Ohun tí wọ́n fi kọ́ wa ni pé sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ ta keratin nù kó tó lè rìn, kó gba vimentin, kó já ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò, kó sì di alárìnkiri. Wọ́n tilẹ̀ pe ọ̀kan nínú àwọn àbùdá tó ń pàṣẹ ìyípadà yìí ní Snail, ìyẹn ìgbín. Ẹni tó sọ ọ́ kò mọ̀ pé ìrìn ló máa padà bọ́ sí i lórí. Lọ́dún 2015, ìwádìí méjì jáde papọ̀ nínú ìwé ìròyìn Nature, wọ́n fi eku hàn pé jẹjẹrẹ lè tàn láìgba ìyípadà náà kọjá, pé ohun tí ìyípadà náà ń ṣe jù ni kó jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì lè fara da kímò, ìyẹn oògùn líle tí wọ́n fi ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Àwọn mìíràn ta kò wọ́n pé ọ̀nà tí wọ́n fi wá a kò lè rí gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rí tó wà lójú mi báyìí ni pé àwọn tó léwu jù kò sí nínú keratin lásán tàbí vimentin lásán. Àwọn tó mú méjèèjì dání ni. Nicola Aceto àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì rí i lára eku ní 2014 pé ọ̀wọ́ sẹ́ẹ̀lì tó wọ inú ẹ̀jẹ̀ papọ̀ lè dá kókó tuntun sílẹ̀ ní ìlọ́po 23 sí 50 ju èyí tó dá wọ̀ ọ́ lọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Wọ́n mọ ìyẹn náà.

  

Ẹni tó ń gbé Port Harcourt á ti máa bi mí nípa eruku dúdú. Láti ìparí 2016 ni ó ti ń bọ́ sórí aṣọ funfun tí a sá, sórí mọ́tò, sí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ tó rin nínú pálọ̀. Epo rọ̀bì tí wọ́n ń sè nínú igbó létí omi ló ń mú púpọ̀ nínú rẹ̀ wá, ní oṣù kìíní 2022 ni Nyesom Wike, gómìnà ìgbà náà, sì gbógun ti àwọn tó ń sè é. Ní Eleme nítòsí ibẹ̀, ìwádìí UNEP, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àyíká, tó jáde ní 2011 bá benzene, èròjà inú epo rọ̀bì, nínú kànga Nisisioken Ogale ní ìlọ́po tó lé ní 900 ju ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí lọ. Pé afẹ́fẹ́ tó dọ̀tí ń fa jẹjẹrẹ kò sí nínú àríyànjiyàn mọ́; àjọ ti Lyon ti kéde rẹ̀ ní 2013. Èyí tó kan kókó wa níbí ni pé nínú àwo, benzo[a]pyrene, ọ̀kan nínú ohun tó wà nínú irú èéfín bẹ́ẹ̀, lè mú kí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ pọ̀ sí i ní vimentin kó sì rìn sí i. Àwo ni o. Láti inú àwo dé inú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ Diobu ní Port Harcourt, ọ̀nà náà gùn, ẹni tó bá sì fi ọ̀kan pe èkejì ń ṣe òṣèlú, kì í ṣe ìmọ̀.

Oògùn ńkọ́? Ẹ̀rín wà nínú ìtàn ti àkọ́kọ́. Bí o bá sọ pé periwinkle ní Port Harcourt, ìṣáwùrú ni wọ́n á gbé wá, nínú ọbẹ̀, pẹ̀lú ìkarahun rẹ̀. Ìkarahun náà ni wọ́n ń pò mọ́ sìmẹ́ńtì kọ́lé. Ṣùgbọ́n òdòdó kan tún wà tí Òyìnbó ń pè bẹ́ẹ̀, aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tàbí funfun, tó ń hù lẹ́bàá ògiri ilé. Wọ́n fi ewé rẹ̀ ránṣẹ́ láti Jamaica pé àwọn aráalé fi ń wo àtọ̀gbẹ, ó sì dé ọwọ́ Robert Noble ní Canada. Kò wo àtọ̀gbẹ, ṣùgbọ́n ó ń mú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun dín kù. Ní 1958 ni òun àti Charles Beer kéde ohun tí wọ́n yọ nínú rẹ̀. Vinblastine nìyẹn, vincristine tẹ̀lé e. Iṣẹ́ wọn ni kí ọ̀pá tubulin má lè tò.

Ìkejì yàtọ̀ pátápátá. Èèpo igi yew tí wọ́n bó ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ní 1962 ni Monroe Wall àti Mansukh Wani yọ Taxol nínú rẹ̀, wọ́n tẹ bó ṣe rí jáde ní 1971. Ní 1979, Susan Horwitz ní New York rí i pé kò tú ọ̀pá tubulin. Ńṣe ló ń gan án kó má lè tú mọ́. Àtíbàbà tí kò lè tú kò wúlò fún ayẹyẹ kejì. Sẹ́ẹ̀lì kò lè pín, ó kú. Láti 1992 ni ó ti gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà, òun sì ni ọ̀pọ̀ obìnrin ń gbà gẹ́gẹ́ bíi kímò ní ilé ìwòsàn ńláńlá wa lónìí. Àwọn tó ti gbà á á sọ fún yín pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń kú, pé ó ń ṣe bí ìgbà tí èèrà ń rìn lábẹ́ awọ. Ọ̀pá tubulin kan náà ni ẹrù ń gbà láti ọ̀pá ẹ̀yìn dé orí ìka nínú iṣan ìmọ̀lára. Oògùn kò mọ ti jẹjẹrẹ yàtọ̀ sí ti ìka.

Pípín ni wọ́n ṣe àwọn oògùn yìí fún, kì í ṣe ìrìn. Ní 2017, àwọn onímọ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan náà tí Horwitz wà ní New York sọ pé lára eku, Taxol tó ń mú kókó kéré sí i tún ń mú kí ẹnu ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì ń gbà wọ iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i. Ìròyìn náà kó jìnnìjìnnì bá ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má torí rẹ̀ dá kímò dúró: nínú àwọn ìdánwò tí wọ́n ti ṣe lára obìnrin, àwọn tó gba kímò ṣáájú iṣẹ́ abẹ kò kú ju àwọn tó gbà á lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Mo mẹ́nu bà á nítorí ó fi hàn pé kókó tó ń kéré àti sẹ́ẹ̀lì tó ń rìn lè jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì.

Èwo wá ni oògùn tó máa dá ìrìn dúró? Actin fúnra rẹ̀ kò ṣeé fọwọ́ kàn. Májèlé tó bá dá a dúró, ọkàn ló máa kọ́kọ́ pa. Àwọn fọ́mààn ló kù. Àwọn ará Japan ti ń lo fasudil, tó ń dá ìránṣẹ́ Rho lẹ́kun, láti 1995 fún àwọn tí iṣan ẹ̀jẹ̀ já nínú ọpọlọ wọn, nítorí náà a mọ̀ pé ènìyàn lè gbà á kó má kú. Fascin, purotéènì tó ń di okùn actin pọ̀ nínú ìka sẹ́ẹ̀lì, ti ní oògùn tí wọ́n ń dán wò lára aláìsàn. Àwọn onímọ̀ kan ní Prague tilẹ̀ ti fún irú oògùn báyìí lórúkọ tirẹ̀ ní 2017, migrastatics, kí wọ́n má baà máa kà á mọ́ kímò.

Orúkọ kọ́ ni ìṣòro, òṣùwọ̀n ni. Bí wọ́n bá ń dán oògùn jẹjẹrẹ wò, kókó ni wọ́n ń wọ̀n: ṣé ó kéré sí i? Oògùn tó dá ìrìn dúró kò ní mú kókó kéré rárá. Yóò wà níbi tó wà, dókítà á wo fọ́tò, á ní oògùn kò ṣiṣẹ́. Kí a tó lè mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́, a ní láti rí obìnrin tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò tíì gbéra, kí a fún un ní oògùn náà, kí a sì dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún láti wò ó bóyá nǹkan kan á yọ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Boston. Ní Aba, ní Owerri, àti ní Port Harcourt tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, níbi tí ìdílé jẹjẹrẹ onílà keratin ti pọ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó wọlé sí ọ̀dọ̀ dókítà lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé ti fi ọwọ́ di kókó tó wà lábẹ́ abíyá mú.